Orúkọ Tí Ẹnu Mi Ò Pè

Ó ti rẹ̀ mí kí ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò sàn ni. Mo jókòó sórí àga kejì nínú yàrá tí a ti ń ya ètò wa, òógùn ń ṣàn sí mi lẹ́yìn ọrùn, Mujeedat tó ń di kámẹ́rà mú ń da iná bò mí lójú, Onoriode sì jókòó síwájú mi, ó ń fi máíkì há àyà ẹ̀wù ara rẹ̀.

"Arábìnrin," ó ní, pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò fún àlejò, "kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Búrẹ́dì," mo ní.

"Búrẹ́dì nìkan?"

"Búrẹ́dì àti èrò."

Mujeedat ká etí kan hẹ́dífóònù kúrò. "Àǹtí Moyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀. Èrò yẹn ò wọlé."

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Kí àlejò tó dé, èmi Moyọ̀sọ́rẹ tí mo jẹ́ olóòtú ètò ni mo máa ń jókòó sípò rẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú mi wo iná, kí wọ́n sì fi ohùn mi dán máíkì wò. Onoriode tó jẹ́ atọ́kùn á bi mí ní ohun tí mo jẹ, màá dáhùn. Lẹ́yìn náà màá dìde, ẹni tí wọ́n pè gan-an á wá jókòó. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń ṣe é. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé-pélébé tí mo fi ìgbà èwe mi kà ní Ìjọra Badia, pẹ̀lú ojú irin tó ń mi ilé wa tìtì, ọkùnrin kì í bi obìnrin ní ohun tó jẹ láàárọ̀ láìnídìí. Nítorí náà mo gbà pé ìdí wà. Mò ń dúró de ìdí náà.

"Àga Kejì" lorúkọ ètò wa. Tẹlifíṣọ̀n àdúgbò ni, kò tóbi. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀, Àpápá àti Kirikiri máa ń wò ó nílé oúnjẹ, lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, àti lórí fóònù wọn. Àga méjì péré la ní. Onoriode á jókòó sórí èkíní, ẹni tí Ọlọ́run bá fi ta wá lọ́rẹ á jókòó sórí èkejì. Lèmọ́mù ti jókòó síbẹ̀ rí. Gólìkípà tí wọ́n gbá góòlù mẹ́fà wọlé rẹ̀ ti sunkún síbẹ̀. Ìyá tó ń wẹ òkú ti jókòó síbẹ̀, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín débi pé Mujeedat fẹ́rẹ̀ẹ́ ti kámẹ́rà ṣubú.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá Liverpool Road ni yàrá náà wà, lórí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù. A fi fóòmù àti búláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri, ṣùgbọ́n fèrè tírélà ò mọ fóòmù. Bó bá ti dún, gbogbo wa á dákẹ́ títí yóò fi kọjá, a ó wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ. A ò sì gbọdọ̀ tan fáànù, torí máíkì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá rí wa lórí ẹ̀rọ tí ara wa ń dán á rò pé páúdà ni. Ooru ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ẹ̀gbọ́n Motọ́láyọ̀ pè mí. Òun ló ṣe olóòtú ètò yìí kí n tó dé. Ó ti wà nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn báyìí, àyè kan sì ṣí lọ́dọ̀ wọn.

"Moyọ̀, wọ́n fẹ́ orúkọ kí ọ́fíìsì tó palẹ̀ mọ́ lónìí," ó ní. "Tó ò bá fẹ́, tètè sọ, kí n fi orúkọ ẹlòmíì sí i. Kí lo tiẹ̀ ń dúró dè ní Àpápá yẹn gan-an?"

Mo ní màá fún un lésì. Ohun tí mò ń dúró dè kò ṣeé sọ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, mo bá Ọlọ́run ṣàdéhùn. Mo ní bí Onoriode bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mi lónìí, ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná tàbí máíkì, màá dúró. Bí kò bá sọ ọ́, kí ọkàn mi jẹ́ kí n máa lọ.

Akpos ni àlejò àkọ́kọ́. Òun ló ń rán tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà. Látorí àtẹ̀gùn ló ti ń dá wa lẹ́rìn-ín, tó ń sọ bí awakọ̀ kan ṣe sùn sínú tapólì tí òun fẹ́rẹ̀ẹ́ rán an mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó ti jókòó tí iná kan ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ.

"Onoriode, my brother," ó ní, "this your light dey look person like landlord."

"Má wò ó. Èmi ni kó o wò."

Mo kọjá sẹ́yìn aṣọ búláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi pín yàrá náà, mo ń yọjú láti etí rẹ̀. A ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi sọ̀rọ̀ sétí Onoriode, nítorí náà láti ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo ti máa ń pè é pé àsìkò tó. Nígbà tí mo bá ń to ètò náà pọ̀, màá gé ohùn ara mi kúrò.

"Eyínfúnjowó," mo pè. "Ẹ̀ta, èjì, ení."

Eyínfúnjowó ni mo máa ń pè é, torí pé bó bá rẹ́rìn-ín lójú kámẹ́rà, eyín rẹ̀ á tàn ju owó ẹyọ lọ. Àwàdà la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì mọ́ wa lára.

"Akpos, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tapólì?"

"Ó pẹ́."

"Báwo ló ṣe wù ẹ́?"

"Ó wù mí."

"Kí ló le jù níbẹ̀?"

Akpos ronú. "Gbogbo ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Fèrè tírélà tiẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, torí bó bá ti dún, á mí kanlẹ̀. Níbi tí a dé ni ilẹ̀kùn ti rọra ṣí, tí àlejò kejì wọlé kí àsìkò rẹ̀ tó tó.

Ìyá Ràímì ni, ìyàwó àgbà nílé Ọbalọlá tí wọ́n ti wà ní Ajégúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Ràímì fà á gòkè, ó ní òun ń dúró nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Mo gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fún Màmá. Ó jókòó, ó ká ìborùn rẹ̀ lé itan, ó ń wò wá, ó ń gbọ́ wa bí mo ti ń tún Eyínfúnjowó pè lẹ́yìn fèrè kọ̀ọ̀kan, títí a fi parí ti Akpos.

Nígbà tí Akpos ń lọ, ó ti tún di ẹlẹ́nu mímú. "Onoriode, next time, come meet me for road. Na there my mouth dey."

"Bọ̀dá Onoriode, ẹ tún máíkì yẹn há dáadáa," Mujeedat sọ, "ó ti yẹ̀."

Mo bá Màmá dé orí àga kejì. Mo tún ìborùn rẹ̀ ṣe lórí itan rẹ̀, mo sọ fún un pé kó má wo iná. Ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ gbóná," ó ní. "O ò sinmi."

"A ó sinmi, Màmá."

"Nígbà wo?"

Mo padà sẹ́yìn aṣọ. "Eyínfúnjowó. Ẹ̀ta, èjì, ení."

Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń gbọ́ Onoriode tó ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ó máa ń tẹ orí ba, á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó bi Màmá bí Ajégúnlẹ̀ ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀.

"Omi ni," Màmá ní. "Omi àti koríko. Èèyàn ò lè dá rìn. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá sílé ọkọ, òjò ti rọ̀, gbogbo ojú ọ̀nà ti kún. Àwọn tó sìn mí wá ní ká padà, ká dúró kí omi fà. Bàbá ní rárá. Ó lọ mú pákó méjì wá. Ó tẹ́ ọ̀kan, mo dúró lé e lórí. Ó tẹ́ èkejì síwájú, mo gun ìyẹn. Ó padà sẹ́yìn mi nínú omi, ó gbé èyí tí mo kúrò lórí rẹ̀, ó tún tẹ́ ẹ síwájú. Òun ń rìn nínú ẹrẹ̀ dé itan, èmi ń rìn lórí pákó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbẹ."

Mujeedat gbójú kúrò lára kámẹ́rà, ó wò mí. Èmi náà wò ó. Ojú ń ta mí, mo ní iná ni.

"Ọkùnrin gidi ni wọ́n," Onoriode sọ jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ ò tíì dárúkọ wọn fún wa."

"Bàbá Ràímì ni."

"Orúkọ wọn gan-an ni mò ń sọ. Kí àwọn tó ń wò wá lè mọ̀ wọ́n."

"Baálé mi."

Onoriode wá fi ohùn ìkẹ́ sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bo aláìsàn láṣọ. "Màmá, bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé, kò burú. Ó ti pẹ́."

Lẹ́yìn aṣọ, mo di ojú mi. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí Onoriode sí, ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n ilé Urhobo ló ti jẹun dàgbà. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé inú ilé lèèyàn ti ń mọ̀ wọ́n. Ẹbi mi ni. Èmi olóòtú ló yẹ kí n ti kìlọ̀ fún un.

Màmá ò bínú. Ẹ̀rín ló rín. "Èmi, gbàgbé? Ọmọ mi, orúkọ yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Ẹnu mi ni ò pè é rí. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Àwọn àbúrò rẹ̀ pàápàá tí mo bá nílé, títí kan èyí tó ń rákòrò, gbogbo wọn ni mo wá nǹkan mìíràn pè."

"Àmọ́ Bàbá ti jáde láyé, Màmá."

"Ó kú, kò kọ̀ mí sílẹ̀."

"Nítorí náà, títí dòní ẹ ò tíì pè wọ́n rí?"

"Títí dòní. Gẹ́gẹ́ bíi ti ìyẹn tó wà lẹ́yìn aṣọ níbẹ̀."

Onoriode yíjú. "Ta ni, Màmá?"

"Ọmọbìnrin tó ń ka ẹ̀ta, èjì, ení. Ibi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, mò ń gbọ́ yín. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú ń pè ọ́ ní Bọ̀dá Onoriode. Ẹni tó ń rán tapólì ń pè ọ́ ní Onoriode. Òun nìkan ni ò pè ọ́. Eyínfúnjowó ṣáá, Eyínfúnjowó ṣáá. Mo ní, áà, ìyàwó rẹ̀ rèé. Ìgbà wo lẹ ṣègbéyàwó?"

Kámẹ́rà ń yí lọ. Èjìká Mujeedat ń gbọ̀n, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mò ń retí kí fèrè tírélà dún kó gbà mí sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo Liverpool Road rí ọ̀nà dákẹ́.

Mo wá inú ẹnu mi. Mo wá gbogbo ìgbà tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, n kò rí ibi tí mo ti pe orúkọ rẹ̀ fún un lójú. Ìyá mi ló máa ń pe àbúrò bàbá mi ní Eyínfúnjowó ní Badia. Ibẹ̀ ni mo ti yá a. Mo rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, àṣé mo ti wọlé ọkọ tí ẹnì kankan ò sìn mí lọ.

Onoriode rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ti tẹlifíṣọ̀n. "Màmá, ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé iṣẹ́ wa. Àbúrò mi nìyẹn o. Mọ̀lẹ́bí ni gbogbo wa níbí."

"Àbúrò," Màmá sọ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ó dáa náà."

Mo ní ká sinmi díẹ̀. Mujeedat bu omi fún Màmá. Onoriode wá bá mi lẹ́yìn aṣọ, ó ń fi wáyà máíkì wé ìka.

"Moyọ̀."

"Mò ń gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ yẹn, ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?"

Nínú ìwé pélébé, ibí yìí ni òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ tiwa, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" mo ní.

Ó wò mí, ó pẹ́. Ó wò mí débi pé mo rò pé Ọlọ́run tó bá mi ṣàdéhùn lórí àtẹ̀gùn ti gbọ́. Ó la ẹnu.

"Moyọ̀, bí a ṣe wà yìí dáa," ó ní. "Ìwọ náà wò ó. Iṣẹ́ ń lọ, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Tí a bá lọ fọwọ́ kan nǹkan yìí, ó lè bàjẹ́. Jẹ́ ká máa bá a bọ̀ báyìí."

"Ó dáa."

"Jọ̀ọ́, bá mi gé ibẹ̀ yẹn kúrò. Àwọn ọmọ àdúgbò á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pa." Ó ti yí padà kó tó tún rántí nǹkan kan. "Bátìrì kámẹ́rà ńkọ́, ṣé ó máa gbé wa dópin?"

"Á gbé wa."

N kò bínú. Ó wù mí kí n bínú, torí ìbínú máa ń fún èèyàn lókun. Ṣùgbọ́n mo kàn dà bí ẹni tó ru ẹrù láti ọ̀nà jíjìn, tó wá dé ẹnu ilẹ̀kùn kan, tí wọ́n ní àdúgbò yìí kọ́. Ọrùn ń ro mí. Ó wù mí kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n padà sípò. Mujeedat gbé àtàǹpàkò sókè. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ, mo la ẹnu láti ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é. Orúkọ àtijọ́ ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

"Onoriode," mo pè.

Ó ní ìwúwo lẹ́nu mi. Kò ní adùn, kò sì ní ibi tó ti fi bẹ́ẹ̀ le. Orúkọ èèyàn ni.

"Ẹ̀ta, èjì, ení."

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ìhà aṣọ búláńkẹ́ẹ̀tì, bíi pé ẹlòmíì ló pè é. Màmá náà gbé ojú sókè. Ó rọra mú ìborùn lórí itan rẹ̀, ó fi bo èjìká, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ti ń ṣe nílé tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ òkú. Kámẹ́rà ń lọ.

"Ẹ káàbọ̀ padà," Onoriode wá sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kò délẹ̀. Ó bi Màmá ní ìbéèrè tó ti bi í tẹ́lẹ̀, Màmá sì ṣàánú rẹ̀, ó dáhùn bíi pé tuntun ni.

Nígbà tí a parí, èmi ni mo di Màmá mú sọ̀kalẹ̀. Ó dúró láàárín àtẹ̀gùn kó lè mí.

"O pè é," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ẹnu mi ló dá a sílẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ẹ bá a nílẹ̀ ni."

Ó mi orí. "Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè wọn?"

"Wọ́n ní 'ta ló mọ ọ̀la' ni."

"Orúkọ tó dáa." A tún sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan. "Mo gbàgbé láti sọ fún un lókè. Pákó yẹn, Bàbá nìkan kọ́ ló ń tẹ́ ẹ títí ayé. Ọjọ́ tí kò bá sí nílé tí omi sì kún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ó wúwo o. Ṣùgbọ́n mo máa ń dé ibi tí mò ń lọ."

Ràímì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un. Mo dúró títí wọ́n fi rí àyè láàárín tírélà méjì. Mo mú fóònù, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Motọ́láyọ̀: Ẹ fi orúkọ mi sí i.

Lókè, Mujeedat ti ń ká wáyà. Onoriode ṣì jókòó sórí àga rẹ̀. Iná kámẹ́rà ti kú, fáànù ti ń yí.

"Ta ni àlejò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" ó bi mí.

"Mi ò ní pẹ́ níbí mọ́. Iṣẹ́ kan yọ ní Ìbàdàn. Mo ti ní mo fẹ́ ẹ."

Mujeedat dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ pa jẹnẹrétọ̀, ó sì jáde.

"Nítorí ọ̀rọ̀ Màmá?" Onoriode bèèrè.

"Ó ti rẹ̀ mí ni."

Ó wo àga kejì. "Ta ló wá máa bá wa jókòó síbẹ̀ fún iná?"

"Ẹ ó rí ẹnìkan. Ojú ṣáà ni iná nílò."

Jẹnẹrétọ̀ kú nísàlẹ̀. Fáànù yí díẹ̀ sí i, ó dúró. Yàrá náà wá dákẹ́ ju bó ṣe máa ń dákẹ́ lọ.

"Moyọ̀," ó ní, láìsí máíkì, láìsí ohùn àlejò, "kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mo ti sọ fún ẹ. Búrẹ́dì."

"Àti èrò," ó ní.

Àṣé ó gbọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ti ń gbọ́. Mo mú báàgì mi.

Ètò Màmá nìkan ni mo tò pọ̀ kí n tó lọ. Mo gé ibi tó ti bèèrè ọjọ́ ìgbéyàwó wa, gẹ́gẹ́ bí Onoriode ṣe fẹ́. Mo gé ibi tí mo ti pe Eyínfúnjowó, mo gé ibi tí mo ti pe Onoriode, torí ohùn olóòtú kì í jáde. Ohun tí kò ṣeé gé ni ojú rẹ̀ nígbà tí apá kejì bẹ̀rẹ̀, bó ṣe la ẹnu tó sì pa á dé, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò sí. Bí mo bá gé ìyẹn, ìborùn Màmá á kàn dédé fò sí èjìká rẹ̀.

Wọ́n ti gbé e jáde báyìí. Àwọn ará Badia tó mọ̀ mí máa ń pè mí ní Ìbàdàn láti bèèrè kí ló ṣe atọ́kùn yín níbẹ̀ yẹn tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Mo máa ń sọ fún wọn pé tírélà ló ń kọjá.